Ewú Tó Dé Ṣáájú Ọjọ́ Rẹ̀

Onídìrí fi ìlárí la irun ọmọbìnrin náà sí méjì láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ó ya díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ya díẹ̀ sósì, ó wá dá ọwọ́ dúró. "Ọmọ mi, ewú yìí mà ń pọ̀ sí i o." Ẹni tí wọ́n ń bá wí kò gbé orí sókè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ewú tó wà lórí rẹ̀ kò sì ṣeé fi ìka kà mọ́: ó kóra jọ sí ẹ̀bátí méjèèjì, ó sì ti ń rìn bọ̀ wá sí iwájú orí. Òmù-Àrán ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, kò jìnnà sí ọjà. Àwa mélòó kan la jókòó tí a ń retí àyè tiwa, bí ọ̀rọ̀ náà sì ti jáde lẹ́nu onídìrí ni gbogbo ilé dá sí i.

Ẹnìkan ní ìrònú ìwé ni. Ẹnìkan ní rílásà tí wọ́n fi ń na irun ló fà á. Ìyá àgbàlagbà kan tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ sọ pé ewú ọlá ni, pé ẹni tí ewú bá tètè hù lórí rẹ̀ kò ní í tòṣì láéláé. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fá irun kúrò lára òòyà ní kí wọ́n má fà á tu o, nítorí bí ẹyọ kan bá tu, mẹ́wàá ni yóò hù dípò rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ni irun tirẹ̀, ohun tó bá ṣe ọ̀kan kò kan èkejì. Ṣùgbọ́n kò dára kí ènìyàn máa fà á tu lóòótọ́, torí ihò tí a bá ń yọ lẹ́nu lójoojúmọ́ lè má hu irun mọ́ rárá.

Onídìrí tú àpótí rẹ̀, ó mú ìgò kan jáde. Òróró irun láti Íńdíà ni, aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, wọ́n ya ewé àti òdòdó funfun kékeré sí ara rẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà òun ló ń béèrè fún un lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n rí i lórí fóònù, wọ́n gbọ́ pé ó ń sọ ewú di dúdú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i po. Wọ́n kọ àwọn èròjà rẹ̀ sẹ́yìn ní lẹ́tà wínníwínní: bhringraj, amla, neeli, òróró àgbọn. Mo wá nọ́ńbà NAFDAC títí, kò sí níbẹ̀.

Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ló dá mi dúró. Ewé tí wọ́n ń pè ní bhringraj ní Íńdíà, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Eclipta, ni abíkolo tiwa. Ẹ̀bá gọ́tà ló ń hù sí, etí odò, àkùrọ̀, ibikíbi tí omi bá ń rin ilẹ̀ ní Ìgbómìnà. Ohun tí a ń kó owó lé lórí nínú ìgò, ẹsẹ̀ wa ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí a bá ń lọ pọnmi.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Íńdíà ti ń wá ojútùú sí ewú tó dé láìtọ́jọ́. Akala palitya ni wọ́n ń pè é nínú Ayurveda, ìmọ̀ ìwòsàn àtayébáyé wọn. Ìwé Sushruta, tó jẹ́ ọ̀kan nínú òpó ìmọ̀ náà, ṣàlàyé pé ìbínú, ìbànújẹ́ àti làálàá àṣejù ní í gbé ooru ara gun orí, ooru yìí a sì máa se irun títí yóò fi funfun. Pitta ni wọ́n ń pe agbára ooru yẹn. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú wọn fi dá lórí ohun tó ń tu orí lára: òróró tí wọ́n fi ewé tútù sè tí wọ́n ń fi ra àárín orí, òróró díẹ̀ tí wọ́n ń kán símú, oúnjẹ tí kò ta jù tí kò sì kan jù, oorun àsùngbádùn, ọkàn tó balẹ̀.

Bí mo ti ń sọ èyí, ìyá tó gbé ọmọ-ọmọ lé ẹsẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? A ní ìrònú ni!" Ó ní ẹ̀tọ́ láti yọ̀. Ní 2020, Ya-Chieh Hsu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard kó ìdààmú bá eku, irun eku náà sì funfun. Wọ́n tọpa rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí. Nídìí irun kọ̀ọ̀kan ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n dà bí irúgbìn inú àká: díẹ̀díẹ̀ ni a ń mú nínú wọn láti fi pèsè àwọ̀ dúdú fún irun tuntun. Bí ẹ̀rù tàbí wàhálà bá dé, iṣan ara a tú èròjà kan tó ń jẹ́ noradrenaline sí ibẹ̀, gbogbo irúgbìn náà a jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n a sì tán. Irun tó bá hù lẹ́yìn ìyẹn kò ní àwọ̀ tí yóò gbà. Ní 2021, Martin Picard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia yẹ irun ènìyàn mẹ́rìnlá wò, wọ́n sì rí àwọn irun tó ti funfun tó tún padà dúdú láti ìdí wá. Ti ẹnìkan nínú wọn bọ́ sí àkókò tó lọ sinmi. Irun márùn-ún péré ni o! Mo tún un sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ sí nǹkan mìíràn: irun márùn-ún, kì í ṣe odindi orí.

Ọmọbìnrin tí wọ́n ń dirun fún ló wá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó ní ìyá òun wà ní Èsìẹ́, ewú sì ti bo orí rẹ̀ kí wọ́n tó bí òun. Ó ní bí mo bá fẹ́ rí abíkolo, ẹ̀yìn ilé wọn ló pọ̀ sí.

Mo ní kó mú mi lọ sí Èsìẹ́. Kí a tó lọ, a gba ọjà kọjá. Ẹlẹ́wé ọmọ kan tó pàtẹ lábẹ́ agboòrùn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè abíkolo. "Ta ni yóò ra ìyẹn? Ẹni tó bá fẹ́ ẹ a lọ já a." Ohun tó ń tà ni òrí nínú igbá, àdín nínú ìgò, èèpo dóńgóyárò, làálì lílọ̀ tó wá láti òkè Ọya, àti ẹ̀lú tí wọ́n gún tí wọ́n ṣù róbótó. Mo ra làálì àti ẹ̀lú díẹ̀, nítorí neeli tó wà lára ìgò Íńdíà yẹn, ẹ̀lú tiwọn ni. Ewéko tí wọ́n ti ń rí i yàtọ̀ sí èyí tí àwọn aláró wa ń lò jù, ṣùgbọ́n aró kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ní Íńdíà, obìnrin tó bá fẹ́ fi ewé kun ewú a kọ́kọ́ fi làálì lé e, irun a pọ́n. Yóò fọ̀ ọ́, yóò wá fi ẹ̀lú lé pupa náà, irun a sì ṣú dúdú. Kùnkùn ni èyí, wọn kò sì pè é ní oògùn.

Ìyá ọmọbìnrin náà ń yan gàrí nígbà tí a dé Èsìẹ́. A kí i kú iṣẹ́, ó kí wa káàbọ̀, ó bu omi fún wa, ó ní kí n jókòó sí ibi tí èéfín kò ti ní í yọ mí lẹ́nu. Gèlè kò sí lórí rẹ̀. Irun rẹ̀ funfun báláú, ó di í ní ṣùkú, ó dúró gbọnyin. Ojú rẹ̀ kò tí ì gbó. Bí ẹ bá rí i láti ẹ̀yìn, ẹ ó pè é ní ìyá àgbà. Bí ó bá yíjú padà, ojú a tì yín.

"Ìdílé wa ni," bí ó ti wí nìyẹn. "Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà. Kò sí ẹni tó pé ogójì ọdún pẹ̀lú irun dúdú nínú wa." Àwọn onímọ̀ fara mọ́ ọn. Ní 2016, Kaustubh Adhikari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní 6,000 wò ní Gúúsù Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, wọ́n sì rí àbùdá kan tó ń jẹ́ IRF4 tó lọ́wọ́ sí bí ewú ṣe ń dé. Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àjogúnbá lọ́wọ́ sí ewú lóòótọ́.

Ìyá náà sọ ìgbà tí òun bá ewú jà fún mi. Ó ní nígbà tí òun wà ní nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, òun ra yọ́mbò tí wọ́n fi ń sọ irun di dúdú, òun kùn ún lálẹ́ nítorí ìgbéyàwó ọjọ́ kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iwájú orí ti ń yún, ìpéǹpéjú ti wú, etí ń tú omi. Ilé ìwòsàn ló ti gbọ́ gbogbo ayẹyẹ náà. Kẹ́míkà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọ̀ irun dúdú, para-phenylenediamine ni orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn a máa gé e kúrú sí PPD. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ara wọn ń kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn mọ́, torí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì a máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn oníjìbìtì mìíràn a tún pò ó mọ́ làálì, wọ́n a máa tà á ní làálì dúdú. Làálì gidi kì í dúdú. Pupa ni, tàbí kó rí bí àwọ̀ obì. Bí ẹ bá rí èyí tó sọ irun di dúdú kirikiri láàárín wákàtí kan, nǹkan wà nínú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ mú mi lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí omi ìfọṣọ ti ń ṣàn lọ sí kòtò. Abíkolo pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Kò ga, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò kọjá orókún. Ọ̀pá rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ewé rẹ̀ gùn ṣóńṣó, ó kọjú síra ní méjì-méjì. Bí ẹ bá fọwọ́ ra á, ẹ ó rí i pé ó ní irun funfun kúkúrú tó ń há èèyàn lọ́wọ́. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun, kò ju èékánná lọ. Ìdílé ewúro àti yúnyún ni. Mo já ọ̀pá kan, mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Oje tó jáde kò ní àwọ̀ kan gbòógì. A dúró, a ń sọ̀rọ̀ lórí ìdánwò rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo tún wo ìka mi, ó ti ń ṣú, kò sì pẹ́ tó fi di dúdú tó fẹ́ jọ aró. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò kúrò tán.

Ohun tí mo rí lórí ìka mi yìí ló tú ọ̀pọ̀ nǹkan palẹ̀ fún mi. Ewé tó ń kun ara ni abíkolo. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé wọ́n ń fi oje rẹ̀ fín ara, wọ́n sì ń fi kun irun. Ẹni tó bá ń fi í ra orí lójoojúmọ́ yóò rí i pé ewú òun ń ṣú díẹ̀díẹ̀, yóò sì búra pé ó ti wo òun sàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí irun náà lẹ́yìn oṣù kan. Funfun ni yóò máa yọ, torí ìta ni àwọ̀ náà ti bá a. Ìwádìí kan wà lórí eku, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, tó fi hàn pé àyọjáde ewé náà mú kí irun tètè hù. Híhù ni wọ́n wò níbẹ̀. Ewú kọ́ ni wọ́n wò. Ó dùn mí pé àwọn tó ń ta ìgò kò sọ èyí fún àwọn ọmọ wa.

Síbẹ̀, ìyá náà sè é, mo sì fẹ́ràn bí ó ti sè é. Ó ní ọmọ òun ló fi fóònù han òun, òun sì rí i pé ewé ẹ̀yìn ilé ni. Nínú Ayurveda, òfin òróró sísè kò ṣòro: bí ewé lílọ̀ bá jẹ́ ìdá kan, òróró yóò jẹ́ ìdá mẹ́rin, omi tàbí oje ewé yóò sì jẹ́ ìdá mẹ́rìndínlógún. Ó fọ ewé náà, ó gbo ó, ó sẹ́ oje rẹ̀, ó da òróró àgbọn àti ewé lílọ̀ díẹ̀ lé e nínú ìkòkò kékeré, ó sì fa igi kúrò lábẹ́ rẹ̀ títí iná fi rọ̀. Ó ro ó, ó ro ó. Fún ìgbà pípẹ́, ó ń hó kùtùkùtù. Nígbà tó yá ìró náà dínkù. Ó mú díẹ̀ nínú ewé lílọ̀ tó wà nínú ìkòkò, ó yí i láàárín ìka, ó di òwú fìtílà. Ó jù ú síná. Kò ta. Ó ní, "Omi ti tán nínú rẹ̀." Àwọn oníṣègùn Íńdíà a máa dán an wò báyìí gan-an: bí ó bá ń ta páàpáà nínú iná, omi ṣì wà níbẹ̀, òróró náà yóò sì kan.

Ó fi ìka bọ òróró náà nígbà tó tutù, ó fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ra láàárín itan, ó ń fi í ra á láti ìdí irun, jẹ́jẹ́, títí ọmọ náà fi dijú. Bí ooru bá wà lórí tó yẹ kó rọlẹ̀, mo rí i tó ń rọlẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, a lọ wo àwọn ère. Ẹni tó bá dé Èsìẹ́ tí kò wò wọ́n kò tí ì dé Èsìẹ́. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Baragbọ́n ló kọ́kọ́ rí wọn nínú igbó, pé àlejò tó wá kí Elésìẹ́ ni wọ́n, èdè-àìyedè ṣẹlẹ̀, wọ́n sì di òkúta. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ròyìn wọn fún ìjọba. Ní 1945, wọ́n ṣí ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn, òun sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère náà lé ní 800. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, òmíràn mú idà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ti kán lọ́rùn.

Orí wọn ni mo tọ̀ wá. Ẹni tó gbẹ́ wọn kò kánjú bó ti dé ibi irun. Ọ̀kan ní ìlà tó tò léra wọn bí ẹni pé onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òòyà sílẹ̀, òmíràn ga sókè ṣónṣó, òmíràn pín sí ojú-ọ̀nà lórí tí ẹ lè fi ìka tọ̀. Ilé yìí ti di ilé fún ọmọ tó mú mi wá, láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó wọn wá síbẹ̀. Ó dúró níwájú ère obìnrin kan, ó fi ìka ya ìlà irun rẹ̀ sí afẹ́fẹ́, ó ní, "Mà, èyí ni mo fẹ́ dì." Mo ní kò burú. Inú mi dùn pé ó sọ ọ́. Látàárọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀ bí yóò ṣe fi irun rẹ̀ pamọ́.

Ọjọ́ ajé ni mo bá a lọ rí nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ ní Òmù-Àrán. Èmi ni mo rọ̀ ọ́ lọ, nítorí ohun kan tó fẹnu bà nínú ọkọ̀: ó ní ẹsẹ̀ òun a máa ṣe òun jìnnìjìnnì lóru. Nọ́ọ̀sì náà kò kọ́kọ́ wo orí rẹ̀ rárá. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó ní kó yọ ahọ́n. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó ní kó gbé itọ́ mì. Ó béèrè bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń wá, bí ó bá ń tètè rẹ̀ ẹ́, bí òtútù bá ń mú un nígbà tí ooru ń mú àwọn ẹlòmíràn.

"Kí lo jẹ lánàá?" Gàrí. "Lọ́jọ́ tó ṣáájú?" Búrẹ́dì àti Indomie. "Ẹran ńkọ́? Ẹja? Ẹyin?" Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní owó kì í tó.

Nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé fún un, sùúrù rẹ̀ pọ̀. Ó ní àwọn dókítà awọ ara ka ewú sí àìtọ́jọ́ bí ó bá dé ṣáájú ọmọ 20 ọdún lára aláwọ̀ funfun, 25 lára ará Éṣíà, 30 lára àwa adúláwọ̀. Ó ní ti ìyá rẹ̀ lè jẹ́ ti ìdílé nìkan, tirẹ̀ náà sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi ti ìdílé bo ohun mìíràn mọ́lẹ̀. Bí fítámì B12 bá dínkù lára, ẹ̀jẹ̀ a dínkù, ẹsẹ̀ a máa ṣe jìnnìjìnnì, ahọ́n a dán, a máa ta èèyàn, irun a sì tètè funfun. Inú ohun tó wá láti ara ẹran nìkan la ti ń rí B12: ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹyin, mílíìkì, wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri. Bí ẹṣẹ́ ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ewú lè tètè dé bákan náà. Àìtó irin àti kọ́pà náà lè dá sí i. Sìgá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í fà á. Ó ní nínú gbogbo ewú, èyí tó bá ti ara àìsàn tàbí àìjẹunre wá nìkan ni a lè retí pé yóò padà díẹ̀ bí a bá tètè tọ́jú ohun tó fà á.

Ó kọ ìwé àyẹ̀wò fún un: iye ẹ̀jẹ̀, irin, thyroid. Ti B12, ó ní Ìlọrin ni wọn yóò gbé e lọ.

Ọmọ náà béèrè bí òun ṣì lè máa fi òróró ìyá òun ra orí. Nọ́ọ̀sì ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́, kó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá yún, kò wú, kó máa lò ó. Nọ́ọ̀sì wá béèrè bóyá ọmọ náà tún ń mu nǹkan kan nítorí ewú náà. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan fún òun ní hóró oògùn Íńdíà, òun ti ń mu ún láràárọ̀. Ohùn nọ́ọ̀sì yí padà. Mo mọ ohun tó ń dà á láàmú. Ní 2004, Robert Saper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra 70 oògùn Ayurveda tí wọ́n ń tà ní àwọn ilé ìtajà ní agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, 14 nínú wọn ni wọ́n ti rí òjé, mákúrì tàbí arsenic. Òjé fúnra rẹ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Oògùn tí èèyàn ń mu nítorí ewú lè jẹ́ ohun tí yóò tún dá kún àìtó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Dá a dúró lónìí," bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wí. "Kó ìgò rẹ̀ wá fún mi lọ́la kí n rí ohun tí wọ́n kọ sí i, kí o sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kí òun náà wá."